Bí ọkọ̀ fáíbà bá sán, ẹ tètè dí i

Àwa ará etí ọ̀sà l'Àjàṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọkọ̀ onígi. Ti fáíbà yàtọ̀: okùn gíláàsì tí wọ́n fi rẹ́sìnì lẹ̀ pọ̀ ni. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun kéékèèké, bí Optimist tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìtukọ̀. Bó bá sán díẹ̀, omi á rọra wọ inú okùn náà, ọkọ̀ á wúwo, ibi tó sán á sì máa fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbẹ dáadáa, nítorí rẹ́sìnì kì í lẹ̀ mọ́ ohun tútù. Ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí ẹ ó fi kan ibi tó le, kí ẹ fi acetone nù ún. Ẹ po rẹ́sìnì mọ́ oògùn tó ń mú un le: gíráàmù 1 sí 2 fún gíráàmù 100. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ aṣọ fáíbà mọ́ ọn, kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù sábẹ́ rẹ̀. Bó bá le tán, ẹ ha á kó dán, kí ẹ kùn ún.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti awò, kí ẹ sì jìnnà sí iná. Oògùn náà lè fọ́ ojú. Bí ihò bá la ọkọ̀ já, ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.