Èéfín Dúdú Katakata: Ta Ló Ni Ẹ̀dọ̀fóró?

Ìkòròdú ni mo wà lónìí. Katakata tó ń kó yanrìn sínú típà létí ọ̀sà lẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn. Bọ̀dá tó ń wà á sọ fún mi pé bí òun bá húkọ́ lálẹ́, dúdú ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òun. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí dàgbà ju àkọ́bí mi lọ."

Kí ló ń fa èéfín náà? Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná tán ni. Bí nọ́sù bá ti gbó, kì í fọ́n epo bí ìrì mọ́, ńṣe ló ń kán an. Èyí tí iná kò rí jó á di èédú lẹ́búlẹ́bú, á gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ.

Báńkì Àgbáyé ní nǹkan bí 11,200 èèyàn ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa láìtọ́jọ́ l'Ékòó ní 2018. Kì í ṣe katakata nìkan o: ọkọ̀, iléeṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Irin ara katakata lè pẹ́ gan-an, nítorí náà ẹ́ńjìnnì nìkan la lè pààrọ̀. Tuntun máa ń wọn epo fúnra rẹ̀, ó sì ní asẹ́ tó ń gba èédú. Láti ìgbà òfin DERA ti 2005, ìjọba Amẹ́ríkà ń bá àwọn tó ni ẹ̀rọ san lára owó rẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò sára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́.

Tiwa ńkọ́? Tòkunbọ̀ Ládípọ̀ la sábà máa ń rà. Bí òun náà bá ti gbó, àkísà la fi pààrọ̀ àkísà. Epo náà tún wà ńbẹ̀: imí-ọjọ́ inú rẹ̀ máa ń ba asẹ́ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ECOWAS fi fẹnu kò ní 2020 pé kó má ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan.

Ní báyìí ná, ẹ pààrọ̀ nọ́sù tó gbó, ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ń dúró de típà. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá mi ló ni ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo ni ẹ̀dọ̀fóró."