Bàbá Tí Ọwọ́ Ń Gbọ̀n àti Wẹ́dà Tó Ń Ṣubú Sẹ́yìn

Bí ara àgbàlagbà bá ń gbọ̀n ní Tchaourou, lórílẹ̀-èdè Benin, àwọn kan á ní ogbó ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Iṣẹ́ tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe kì í sábà wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, àìsàn méjì tó jọra ló wà: àrùn Parkinson, àti èyí tí èéfín tàbí eruku irin tí wọ́n ń pè ní mánganíìsì ń fà. James Parkinson kọ̀wé lórí ti àkọ́kọ́ ní London lọ́dún 1817. Ní 1837, James Couper kọ̀wé lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ òkúta mánganíìsì ní Glasgow, tí ẹsẹ̀ wọn kò fẹ́ gbé wọn mọ́.

Parkinson sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú. Ọwọ́ á máa gbọ̀n bó bá wà lórí itan, bí bàbá bá nà án mú ife, ìgbọ̀n náà á rọlẹ̀. Ti mánganíìsì máa ń mú apá méjèèjì, ìwà a sì máa yí padà: ẹ̀rín òjijì, ìbínú tí kò nídìí. Aláìsàn á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn bí àkùkọ. Bó bá fẹ́ fà sẹ́yìn, ó ṣubú. Oògùn levodopa ń ran ti Parkinson lọ́wọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún èkejì, torí ibi tó bà jẹ́ nínú ọpọlọ yàtọ̀. (Levodopa yìí wà nínú èso wèrèpè. Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ bù ú jẹ o!)

Ká sòótọ́, Parkinson ló pọ̀ jù láyé. Ṣùgbọ́n ti mánganíìsì ni mo kà sí èyí tó yẹ ká gbógun tì, torí a mọ ibi tó ń gbà wọlé: imú ni, nínú èéfín irin tí wẹ́dà ń jó. Dígí dúdú wẹ́dà ń dáàbò bo ojú, kò dí imú. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà ní mánganíìsì nínú ẹ̀tù dúdú rẹ̀: ní Japan, wọ́n ri nǹkan bí 400 bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àwọn tó mumi níbẹ̀ sì ṣàìsàn, 1941 ni ìròyìn rẹ̀ jáde.

N kò sọ pé àwọn wẹ́dà ẹ̀bá títì Parakou ti ṣàìsàn. Ẹni tó ń jó irin ní gbangba, tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ, kò rí ewu tó ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rán wọ inú táńkì. Ọmọ yẹn ni ọkàn mi ń lọ sí, torí bí àmì bá ti hàn tán, fífi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í sábà dá ìrìn rẹ̀ padà.