Ìdíje Ẹwà àti Iyì Obìnrin

Ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1970, nínú gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọge láti orílẹ̀-èdè káàkiri ayé ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí àwọn adájọ́ ìdíje Miss World lè yan ẹni tí ẹwà rẹ̀ ta yọ, tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú ilé wọn tí wọ́n ń wòran, ni àwọn obìnrin kan tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé bí òǹwòran yòókù fò dìde láàárín èrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìyẹ̀fun sí orí ìtàgé, èéfín bo ojú, ariwo sì ta. Bob Hope, gbajúgbajà aláwàdà ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń darí ètò náà, tí kò tíì pẹ́ tí ó fi àwọn ọmọge wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjà màlúù ni òun bá ara òun, kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ẹ̀yìn ìtàgé.

Ọlọ́pàá kó díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà, wọ́n sì rojọ́ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí eruku rọlẹ̀ tí ìdíje ń bá a lọ, Jennifer Hosten, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù kékeré tí a ń pè ní Grenada, ni wọ́n dé ládé. Ẹni tí ó ṣe ìkejì ni Pearl Jansen, tí ìlú ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n bí i sí kò jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ: aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi jẹ́ Miss South Africa, wọ́n wá yí orúkọ náà po fún Pearl, wọ́n ní kí ó máa jẹ́ Africa South. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní alẹ́ kan ṣoṣo, lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, àwọn obìnrin kan ń kígbe pé kí a tú ìdíje yìí ká nítorí pé ó ń tẹ́ obìnrin, àwọn obìnrin mìíràn sì ń rí i pé ilẹ̀kùn tí a ti ń tì mọ́ ìran wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ náà títí di òní ni pé, ǹjẹ́ ẹni tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin lè fi ọwọ́ sí ìdíje ẹwà? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì kí a tó dá sí i.

Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni ìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1968, àwọn obìnrin kan pé jọ ní etí òkun Atlantic City ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Miss America, wọ́n gbé agolo ìdalẹ̀nù ńlá kan kalẹ̀, wọ́n sì ń ju bàtà gogoro, kọ́mú àti àwọn nǹkan mìíràn tí a fi ń há ara obìnrin mọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé wọ́n dáná sun kọ́mú lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, wọn kò dáná sun ún. Ohun tí ó bí wọn nínú kò ṣòro láti rí. Àwọn oníṣòwò Atlantic City ni wọ́n dá ìdíje náà sílẹ̀ ní 1921, kí àwọn tí ó wá gbafẹ́ létí òkun má baà tètè padà sílé nígbà tí àkókò ìsinmi bá parí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Margaret Gorman, ni wọ́n sì kọ́kọ́ dé ládé. Eric Morley, tí òun náà jẹ́ oníṣòwò fàájì, ni ó dá Miss World sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1951, pẹ̀lú àwọn ọmọge nínú aṣọ ìwẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Miss America sọ ọ́ gbangba pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè díje. Ẹni tí ó bá ro èyí dé ibi tí ó yẹ yóò rí i pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ọjà ni okùn ìwọ̀n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí lọ́wọ́ obìnrin.

Ìwọ̀n náà kò sì mọ sí orí ìtàgé. Nígbà tí a bá ka ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti ìdí ọmọge kan sétí gbogbo ayé, ọmọbìnrin tí kò bá wọn díje, tí ó jókòó ní kíláàsì tàbí nídìí ọjà ìyá rẹ̀, yóò gbọ́ pé wọ́n ń wọn òun náà. Òun ni yóò máa fi ebi pa ara rẹ̀, òun ni yóò máa ra ìpara tí a fi ń bóra. Ẹ̀bi tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin ká mọ́ ìdíje náà lọ́wọ́ nìyí, n kò sì rí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n purọ́.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì náà ní tirẹ̀ láti wí. Ní àkókò kan náà tí àwọn obìnrin ń ju kọ́mú sínú agolo ní Atlantic City, àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe Miss Black America àkọ́kọ́ ní ìlú náà, wọ́n sì dé Saundra Williams ládé, kí ayé lè mọ̀ pé adúmáadán náà rẹwà. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí ìwé ìròyìn Daily Times dá Mísì Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1957, Grace Oyelude, ọmọ Ìsánlú, ni ó kọ́kọ́ jẹ oyè náà. Owó ẹ̀bùn rẹ̀ ni ó fi lọ sí ìlú Ọba láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ náà ni ó sì fi sin àwọn ènìyàn títí ó fi di mátírọ̀nù. Jennifer Hosten di aṣojú ìjọba Grenada ní Kánádà. Ní 2001, Agbani Darego gba adé Miss World, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ní 2019, Zozibini Tunzi ọmọ Gúúsù Áfíríkà gba ti Miss Universe pẹ̀lú irun kúkúrú tí ó hù lórí rẹ̀, láì fi wíìgì bò ó. Nígbà tí ó sì kan àwọn ọmọge ilẹ̀ Peru ní 2017 láti ka ìwọ̀n ara wọn, iye àwọn obìnrin tí wọ́n pa àti àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ní ilẹ̀ wọn ni wọ́n kà dípò rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ ńlá sì wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 2002, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Miss World ní Àbújá nítorí adé tí Agbani gbà. Ní ọdún náà gan-an ni ilé-ẹjọ́ Ṣàríà kan ní Ìpínlẹ̀ Katsina dájọ́ pé kí wọ́n sọ Amina Lawal lókùúta pa nítorí pé ó bímọ láìsí nílé ọkọ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọge tí ó yẹ kí wọ́n wá díje sì kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní wá ṣe fàájì níbi tí ikú ti ń wo obìnrin ẹgbẹ́ àwọn lójú. Lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn kan kọ ohun tí ó bí àwọn Mùsùlùmí nínú nípa ìdíje náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná, ẹ̀mí tí ó lé ní 200 ṣòfò, wọ́n sì kó ìdíje lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Amina sílẹ̀ ní 2003. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bínú sí ìdíje ẹwà ni ó fẹ́ràn obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọge arẹwà tí ó kọ̀ láti wá nítorí Amina jà fún obìnrin ju ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bú u lọ.

Àwa Yorùbá kò kórìíra ẹwà. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ki ọmọbìnrin, eyínfúnjowó, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ìbàdí-àrán, ọmọ ẹni rere, yóò mọ̀ pé ojú wa mọ ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń kì, òun nìkan ni a ń kì. A kì í ki Àṣàkẹ́ tán kí a wá sọ fún Àjọkẹ́ pé òun ni ó ṣe ìkejì. Bí a bá sì yin eyín rẹ̀, a ó yin ilé tí ó ti wá, a ó yin ìṣe rẹ̀, nítorí àwọn àgbà ti sọ tipẹ́ pé ìwà lẹwà. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára fún obìnrin ní gbogbo ọ̀nà. Nínú agbo ilé kan náà tí wọ́n ti ń kì í ni wọ́n ti ń fi í fún ọkọ láì bi í bóyá ó fẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹwà àti iyì lè gbé pọ̀, àti pé ìdíje, tí ó ń gbé ẹnìkan sókè kí ó lè rẹ ìyókù sílẹ̀, ni ó ń yà wọ́n nípá.

Èrò tèmi nìyí, n kò sì ní fi bọpo bọyọ̀: ìdíje tí ó ń díwọ̀n ara obìnrin kí ẹlòmíràn lè fi jèrè kò bá ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin mu, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wọ̀ ọ́ lè jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tọkàntọkàn. Bí ó bá jẹ́ pé àkàbà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ti ògiri fún ọmọ tálákà, ẹni tí ó gùn ún kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó kó àwọn àkàbà yòókù pamọ́ ni kí a mú. Àwọn tí ó ni ìdíje wọ̀nyí ti ń tẹrí ba díẹ̀díẹ̀: Miss World pa ìdíje aṣọ ìwẹ̀ tì lẹ́yìn 2014, Miss America ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018, nígbà tí Gretchen Carlson, tí òun náà ti gba adé náà rí, jẹ́ alága, Miss Universe sì ti gba abilékọ àti ìyá ọmọ láàyè láti 2023. Ìyẹ̀fun ọdún 1970 kò ṣòfò. Síbẹ̀, a lè pààrọ̀ aṣọ kí okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò tíì tó àkókò tí a ó káwọ́ lẹ́rán.

Bí ọmọ rẹ bá sọ pé òun fẹ́ lọ díje, má ṣe nà án, má sì ṣe bú u. Bá a jókòó, kí ẹ jọ ka ìwé àdéhùn náà láti òkè délẹ̀: ta ni yóò gba owó tí wọ́n bá pa lórí àwòrán rẹ̀, ọdún mélòó ni wọn yóò fi dè é, ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọ̀ láti wọ ohun tí kò fẹ́ wọ̀. Bí àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ kò bá lè dáhùn, kí ó máa bọ̀ nílé. Àwa yòókù, àti ìjọba, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ná owó rẹpẹtẹ lórí adé, ẹ jẹ́ kí á ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọbìnrin tí ó mọ ìṣirò, èyí tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí ó fẹ́ di dókítà, kí ó má baà jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ni ọmọ tálákà ní láti tà kí ó tó lè kàwé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọbìnrin tí ọ̀nà púpọ̀ bá ṣí sílẹ̀ fún nìkan ni a lè sọ pé ó fi òmìnira yan ìdíje ẹwà, tàbí pé ó fi òmìnira kọ̀ ọ́.