Idà Ọjọ́ Kìíní: Ǹjẹ́ Ó Lè Bá Akọni Dé Ìpele Àṣekágbá?

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí géèmù akọni lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í fi ohun ìjà kan lé àlejò lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé. Ó lè jẹ́ idà tó ti dógùn-ún, ó lè jẹ́ ọ̀pá idán tí kò lágbára, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wù awọ tí èékánná ológbò lè fà ya. Òun ni àlejò náà yóò fi pa ìkookò àkọ́kọ́, òun ni yóò fi jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rán an, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ sọ nù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti lè tà á fún oníṣòwò inú géèmù ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, ìbéèrè ńlá kan wà nídìí idà tí a sọ nù yìí, èyí tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń bá jìjàkadì fún ohun tó lé ní ogún ọdún: báwo ni ohun ìjà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò ṣe wúlò tó, tí kò fi ní sọ làálàá ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ di asán? Ìbéèrè náà kan ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú. Àkókò wa, dátà wa àti owó àpò wa ni a fi ń wá àwọn ohun ìjà wọ̀nyí, ó sì yẹ kí a mọ èyí tí yóò bá wa kalẹ́ àti èyí tí kò ní í pẹ́ di pàǹtírí.

Kòtò méjì lójú ọ̀nà kan

Bí ohun ìjà àkọ́kọ́ bá ṣe aláìlágbára jù, àlejò yóò kú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó pa ẹranko kan, yóò sì fi ìbínú pa géèmù náà dé. Bí ó bá sì lágbára jù, kò ní rí ìdí tí yóò fi wá òmíràn. Ìrètí pé ohun tó dára jù ń bẹ níwájú wà lára ohun tó ń mú ènìyàn padà sídìí irú géèmù yìí lójoojúmọ́. Nígbà tí akọni bá dé ìpele àṣekágbá, tí kò lè dàgbà mọ́, ohun ìjà àti ìhámọ́ra ni ọ̀nà pàtàkì tó kù tí agbára rẹ̀ fi lè pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ba ìrètí yẹn jẹ́ ti ba géèmù jẹ́.

Àwọn tó ń ṣe géèmù ní láti gba àárín kòtò méjèèjì kọjá, kò sì sí èyí tí kò tíì yọ̀ wọ ọ̀kan rí.

Ogójì jagunjagun àti ẹ̀wù àwọ̀ ewé

World of Warcraft, tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, fi èyí hàn kedere. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ iyì ohun ìjà níbẹ̀: funfun ni èyí tó wọ́pọ̀, àwọ̀ ewé ni èyí tó sàn díẹ̀, búlúù ni èyí tó ṣọ̀wọ́n, elésèé àlùkò sì ni ti àwọn akíkanjú. Ìpele 60 ni òpin ìdàgbà akọni nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ohun elésèé àlùkò nínú ihò iná tí wọ́n ń pè ní Molten Core gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó lè tó ogójì ènìyàn, kí gbogbo wọn sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní wákàtí kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni akọni kan lè bá wọn pa ọba ihò náà. Ohun ìjà mélòó kan ni yóò sì já sílẹ̀ fún gbogbo ogójì láti pín. Àwọn kan wà tó dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó kàn wọ́n.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, àfikún àkọ́kọ́ dé, The Burning Crusade ni orúkọ rẹ̀. Òpin ìpele sún sí 70, ilẹ̀kùn ayé tuntun sì ṣí sílẹ̀. Ní Hellfire Peninsula, agbègbè àkọ́kọ́ tí àwọn akọni fi ẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá jẹ́ ń san èrè ẹ̀wù àti idà àwọ̀ ewé tó lágbára ju púpọ̀ nínú àwọn ohun elésèé àlùkò tí ogójì ènìyàn ti fi òru jà fún.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí ẹni tí kò rí ogójì ọ̀rẹ́ kó jọ kò bá lè wọ ayé tuntun náà, àwọn díẹ̀ nìkan ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Wọ́n gba ẹni ẹ̀yìn là, ṣùgbọ́n ẹni iwájú ni ó san owó rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti hàn sí olùṣeré pé ohun ìjà ìpele àṣekágbá ti ọdún yìí lè di ẹrù lásán nígbà tí àfikún mìíràn bá dé.

Ogún tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, pẹ̀lú àfikún Wrath of the Lich King, Blizzard dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n mú ohun àjogúnbá wá. Olùṣeré tí akọni rẹ̀ ti dé òkè lè fi èrè tó jẹ níbẹ̀ ra idà tàbí ẹ̀wù, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí akọni kékeré mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ohun àjogúnbá yìí ń dàgbà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń dàgbà, nítorí náà kò sí pé a ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ìpele márùn-ún márùn-ún. Àwọn kan nínú rẹ̀ tilẹ̀ ń fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìrírí tí akọni ń kó jọ. Ohun ìjà ọjọ́ kìíní wá di èso ìpele àṣekágbá.

Ṣùgbọ́n ogún kì í dé ọwọ́ ẹni tí kò ní bàbá. Àlejò gidi, tí kò ní akọni ńlá kankan tẹ́lẹ̀, kò lè ní ohun àjogúnbá. Lójú pápá ìjà tí àwọn akọni ìpele 10 sí 19 ti ń pàdé, òun àti idà rẹ̀ tó dógùn-ún ni yóò dojú kọ ọmọdé tó wọ ìhámọ́ra àgbà. Àwọn àgbà olùṣeré ti ń ṣe irú akọni bẹ́ẹ̀ tipẹ́: wọn a dá a dúró ní ìpele 19, wọn a fi owó ńlá wá ohun tó dára jù tí ìpele náà lè gbé fún un, wọn a sì máa fi í lu àwọn àlejò ní àlùbolẹ̀. Ní ọdún 2009, Blizzard fún irú wọn láyè láti dá ìdàgbà akọni wọn dúró pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa bá jà.

Àìsàn mìíràn tún wà: iye agbára ń wú. Nítorí pé ohun ìjà àfikún kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, iye tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà ń ga bí òkìtì ọ̀gán. Ní ọdún 2014, Blizzard rún gbogbo iye náà kéré. Ní ọdún 2020, wọ́n fa òpin ìpele padà láti 120 sí 60, wọ́n sì yọ àfikún ìrírí kúrò lára ohun àjogúnbá.

Bí a kò bá gbé àjà ga mọ́ ńkọ́?

Guild Wars 2, tí ArenaNet gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, gba ọ̀nà mìíràn. Ìpele 80 ni òpin rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìpele 80 náà ni títí di òní, láìka gbogbo àfikún tó ti dé sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà gan-an, wọ́n mú ọ̀wọ́ ìhámọ́ra kan wá tó lágbára díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, àwọn olùṣeré sì fárígá, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé eré àsáré ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó dúró sí. Àwọn ohun ìjà tó níyì jù lọ níbẹ̀ kò lágbára ju ọ̀wọ́ yẹn lọ. Iyì wọn ni pé ẹni tó ni wọ́n lè yí irú agbára inú wọn padà bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá fi géèmù náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta yóò bá ìhámọ́ra rẹ̀ nílé, kò ní í di aṣọ àlòkù.

Final Fantasy XIV ti Square Enix, ní Jàpáánì, kò dá òpin dúró ní tirẹ̀. Ó ti dé ìpele 100 ní ọdún 2024. Àgbà ni wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí akọni ìpele 100 bá wọ Sastasha, ihò àkọ́kọ́ nínú ìtàn náà, tó wà fún àwọn ìpele 15, agbára rẹ̀ àti ti ìhámọ́ra rẹ̀ yóò wálẹ̀ dé ìwọ̀n ibẹ̀. Géèmù náà sì ń san èrè fún àgbà tó bá gbà kí wọ́n fi òun kún ẹgbẹ́ àwọn àlejò lójoojúmọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ihò àtijọ́ kì í ṣófo, àlejò kì í sì í dá wà. Àgbà náà ní ohun tó ń pàdánù: àwọn ọgbọ́n ìjà tó kọ́ lẹ́yìn ìpele náà kò ní ṣiṣẹ́ títí yóò fi jáde, ó sì máa ń sú àwọn kan.

Ìwé kékeré tó ju idà ńlá lọ

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù wà nínú Genshin Impact, géèmù ilẹ̀ Ṣáínà tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, tí ènìyàn lè ṣe lórí fóònù. Ìràwọ̀ kan sí márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun ìjà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùṣeré sì ń ná owó gidi nítorí àtirí olójú ìràwọ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìwé idán kan wà, Thrilling Tales of Dragon Slayers, tí ìràwọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tí àlejò sì lè rí nínú àpótí láìná kọ́bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, bí ẹni tó gbé e bá kúrò lójú ìjà fún akọni mìíràn, agbára ìkọlù ẹni tó wọlé yóò fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí a bá pa ìwé kan náà pọ̀ títí dé òpin, ó di ìdá 48. Àwọn àgbà olùṣeré ń gbé e wọ Spiral Abyss, ilé ìṣọ́ tó jẹ́ ìdánwò ìpele àṣekágbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìjà olówó iyebíye.

Kékeré abẹ́rẹ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ. Agbára ìwé yìí kò sí nínú iye tó ń hàn lára rẹ̀. Ìdá 24 yẹn kì í yí padà bí a bá gbé ìwé náà dé ìpele 90 tàbí bí a bá fi í sílẹ̀ ní ìpele 1. Ohun ìjà tí iye nìkan ni ó gbójú lé yóò pàdé iye tó jù ú lọ lọ́la. Èyí tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ yóò máa wúlò níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ṣì wà láti ṣe. Níbi tí àwọn tó ń ṣe géèmù bá ti rántí èyí, wọn kò ní láti yan láàárín àlejò àti àgbà.

Ohun tí olùṣeré lè dì mú

Kí ẹ tó kó ẹrù lé ohun ìjà kan lórí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní, ṣé iye ni mo ń rà, àbí iṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ iye nìkan, tí ẹ kò sì tíì dé ìpele àṣekágbá, ẹ lo ohun tí ọ̀nà bá fún yín, kí ẹ sì máa lọ.

Èkejì, ṣé ohun tí mo fi sí i yóò padà wá? Nínú Genshin Impact, bí a bá fi ohun ọ̀ṣọ́ agbára kan bọ́ òmíràn, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìrírí tí a ti fi sí i yóò padà. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí a fi ń gbé ohun ìjà gorí ìpele kì í padà. Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá kó irú èrè bẹ́ẹ̀ ń gba 20 nínú agbára ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pè ní Original Resin, ẹyọ kan rẹ̀ sì ń gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó padà. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn fún ìgbà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dà á sórí idà tí yóò jù nù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti da ọ̀pọ̀ ọjọ́ nù.

Ẹ̀kẹta, ṣé owó gidi ni? Ẹ má ṣe fi owó oúnjẹ tàbí owó dátà ra agbára tí àtúnṣe tó ń bọ̀ lè sọ di aláìníye. Bí ẹ bá fẹ́ náwó, ẹ ná an sórí ohun tí yóò dùn mọ́ yín bí agbára rẹ̀ bá tilẹ̀ dòfo lọ́la, bí aṣọ tó rẹwà tàbí ẹṣin gígùn.

Bí àbúrò yín bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ géèmù tí ẹ ti dàgbà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe yára kó ìhámọ́ra ńlá lé e lọ́wọ́. Ẹ fi ohun tí idà kékeré ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe hàn án, kí ẹ sì bá a rìn dé ihò àkọ́kọ́.