Ìtọ́jú Inú Ilé: Joga-Orílé àti Peckham

Àrùn rọpárọsẹ̀ kì í wo ìlú kó tó jà. Bàbá tó gbé ṣánlẹ̀ ní Joga-Orílé, ní Àríwá Yewa, àti èyí tó gbé ṣánlẹ̀ ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ohun kan náà ló máa ń ṣe wọ́n: apá kan ara kú, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, omi lásán ń pá wọn lórí. Ilé ìwòsàn á ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò máa yí i padà? Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́? Ta ni yóò sanwó? Wọ́n máa ń sọ pé ìfẹ́ ló ń dáhùn ní Joga, ètò ló ń dáhùn ní Peckham. Ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀ rọrùn.

Ní Joga-Orílé, kò sẹ́ni tó ń ṣèpàdé kó tó mọ ẹni tí iṣẹ́ já lé léjìká. Ìyàwó bàbá ni, tàbí ọmọbìnrin rẹ̀ tó sún mọ́lé jù, kódà bó bá ní ibùdó gààrì tàbí ìsọ̀ tó ń bójú tó. Ní Peckham, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ á wá jókòó ti bàbá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́: ṣé ó lè gbé ṣíbí dẹ́nu, ṣé ó lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́? Ohun tí ó bá kọ sílẹ̀ ló máa sọ iye ìgbà tí olùtọ́jú á máa wá lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ yàtọ̀. Egbò, rọ́bà ìtọ̀ àti abẹ́rẹ́ ṣúgà ló ń bá a wá.

Ilẹ̀kùn Joga kì í tì lọ́sàn-án. Ogún ènìyàn lè wọlé láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, “Ẹ kú ìtọ́jú o, ara á le,” kí ẹyọ ẹnì kan má sì bá ìyá yìí gbé ọkọ rẹ̀ dìde. Òmíràn nínú wọn á tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè ẹni tó fi àrùn ṣe bàbá, á wá dá kún ìṣòro. Ní Peckham, àpótí irin kékeré kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Olùtọ́jú á tẹ nọ́ńbà, á ṣílẹ̀kùn, á gbé bàbá dìde, á nù ún, á kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, á jáde. Kò ráyè jókòó. Àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, sọ ní 2015 pé irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì wákàtí bí kò bá nídìí; bí wọ́n bá ní láti sọ ọ́ síta, a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń yí bàbá padà. Ní Joga, ògbólógbòó ìró ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń ká sí méjì, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan. Ẹnì kan á di etí ìró mú lápá ọ̀tún, ẹnì kejì lápá òsì, wọ́n á ní “ó yá”, wọ́n á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Peckham, aṣọ kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ni olùtọ́jú méjì ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, etí ọ̀tún, etí òsì, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn ti Peckham gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, ìyá àgbà ló kọ́ àwọn ti Joga, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni: awọ tí wọ́n bá wọ́ lórí ibùsùn á bó, èyí tó bó á di egbò, egbò ìdí aláìsàn kì í sì í jinná bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn yíyí ni wọ́n ti yà. Ìyá Joga á fi òrí ra ìdí àti gìgísẹ̀ tó ti ń pọ́n, á fọwọ́ ra á dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Peckham á ní èèwọ̀ ni: ibi tó ti pọ́n, rírà ń dá kún un ni, ẹ ṣáà má jẹ́ kó fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ló jàre níhìn-ín. Ṣùgbọ́n lóru ńkọ́? Olùtọ́jú Peckham ti relé, bẹ́ẹ̀dì oníná tí atẹ́gùn inú rẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ló kù pẹ̀lú bàbá. Ní Joga, ènìyàn ń bẹ lórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó máa gbọ́ bí bàbá bá húkọ́.

Ní ti owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Peckham ọ̀fẹ́ ni láti 5 Oṣù Keje 1948 tí ètò ìlera ìjọba wọn, NHS, ti bẹ̀rẹ̀. Wíwẹ̀ àti fífún lóúnjẹ kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Bí owó tí bàbá fi pamọ́ bá ju £23,250 lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sanwó olùtọ́jú. Iye yẹn kò sì kúrò lójú kan láti 2010. Bó bá di pé ó lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, tí kò sí ìyàwó nílé, wọ́n á ka ilé rẹ̀ mọ́ ọn. Ní Joga, láti orí káàdì dé orí gọ́ọ̀sì àti pámpáàsì, àpò ẹbí ló ti ń jáde. Òfin 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù àgbẹ̀ tí kì í gbowó oṣù? Àwọn ọmọ á dáwó títí á fi sú wọn, lẹ́yìn náà ilẹ̀ bàbá á bọ́ sọ́jà. Yálà ilé ni wọ́n kà tàbí ilẹ̀ ni wọ́n tà, ohun tí bàbá kó jọ ló ń tọ́jú bàbá.

Ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó kò fi ìtọ́jú ṣe iṣẹ́ obìnrin ilé rí, kó gbọ́ èyí. Ní 1976, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó pa iṣẹ́ tì torí aláìsàn ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ obìnrin tó ń gbélé ọkọ kúrò, wọ́n ní ilé náà ni ì bá kúkú wà. Jackie Drake, tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, gbé wọn dé kóòtù ilẹ̀ Yúróòpù kí wọ́n tó yí i padà ní 1986. Àwọn nọ́ọ̀sì ojúlé gan-an, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyàwó ilé kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: William Rathbone, oníṣòwò ní Liverpool, gba Mary Robinson láti tọ́jú ìyàwó rẹ̀ títí tó fi kú ní 1859, ló bá ní kó máa lọ tọ́jú àwọn tálákà nílé wọn. Lẹ́yìn oṣù kan, ìyà tí obìnrin náà rí lára wọn mú un wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun sílẹ̀. Rathbone rọ̀ ọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà méjèèjì ti wá dé ojú kan báyìí. Ní 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì gba ibẹ̀ lọ. Ní 22 Oṣù Keje 2025 wọ́n tì í mọ́ àwọn tuntun. Ọmọ tó ń wẹ bàbá ẹlòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù ń fowó ránṣẹ́ kí wọ́n lè gba ẹni tí yóò wẹ bàbá tirẹ̀ nílé. N kò rò pé ó yẹ ká dá a lẹ́bi.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ọ̀sán Peckham àti òru Joga ni mo máa mú. Èyí kò sì ju agbára wa lọ. Nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti wà nípò mínísítà ìlera Nàìjíríà, 1985 sí 1992, ó tẹpẹlẹ mọ́ ìlera alábọ́ọ́dé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, lílọ sí ojúlé sì wà lára iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa fún wọn lówó ọ̀kadà, kí wọ́n máa yọjú sí ilé tí aláìsàn wà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún ìyá pé kó fi òrí yẹn mọ síbi tí kò pọ́n.