Ṣé O Mọ̀? Ẹni Tó Ni Akọni Ló Ń Bá Fíìmù Jà

Ṣé o mọ̀ pé Lísàbí, akọni tí gbogbo Ẹ̀gbá láti Pápálántò dé Aké ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, kò fojú kan Abẹ́òkúta rí? Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé abẹ́ àpáta Olúmọ, níbi tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó sí. Lísàbí ti lọ tipẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nígbà ayé tirẹ̀, inú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n ṣì wà, Ọ̀yọ́ sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé oko ni ogun tí Lísàbí bá Ọ̀yọ́ jà ti bẹ̀rẹ̀? Àáró ni wọ́n ń dá: wọ́n á ro oko tèmi lónìí, wọ́n á ro tìrẹ lọ́la. Ẹgbẹ́ àáró yẹn ló di ẹgbẹ́ ológun lábẹ́lẹ̀, tí Ọ̀yọ́ ò sì fura. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé aṣojú Aláàfin tí wọ́n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 600.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìtàn yìí dé orí Netflix? "Lisabi: The Uprising" ni wọ́n pè é. Níyì Akínmọláyan ló darí rẹ̀, Lateef Adédiméjì ló ṣe Lísàbí. Àwọn kan yin èdè Yorùbá àti aṣọ inú rẹ̀. Àwọn kan ní ìtàn náà kò jinlẹ̀ tó. Àwọn mìíràn ń ráhùn pé ibi tó ti ń dùn ló ti dá dúró. Oṣù Kìíní 2025 ni apá kejì tó jáde.

Ṣé o mọ̀ pé Adédiméjì yìí kan náà ló ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà nínú fíìmù Túndé Kèlání ní 2021? Akọrin àpàlà kan, jagunjagun kan, ọmọ Ẹ̀gbá làwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ohùn Àyìnlá létí ara wọn ṣì wà láyé. Ti Lísàbí, ohun tí bàbá sọ fún ọmọ ni kálukú gbá mú.

Ohun tí bàbá sọ ọ̀hún náà kò sì dọ́gba. Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ní ilẹ̀ ni Lísàbí wọ̀, nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Igbó Lísàbí títí dòní, tí wọ́n sì ń lọ bọlá fún un níbẹ̀? Àwọn mìíràn ní rárá, àwọn èèyàn rẹ̀ ló dìtẹ̀ pa á. Èyíkéyìí tí fíìmù bá mú, ilé kan á bínú.

Ṣé o mọ̀ pé akọni Ẹ̀gbá mìíràn, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, náà ti di fíìmù? Òun ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ títí Aláké Adémọ́lá fi sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní 1949. Fíìmù tirẹ̀, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, wọ sinimá ní oṣù Karùn-ún 2024.

Ṣé o mọ̀ pé "The Woman King" ti ọdún 2022, tó yin àwọn jagunjagun obìnrin Dahomey, kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti kan Ẹ̀gbá? Ọdún 1823 ni ìtàn inú rẹ̀ wáyé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851 ni wọ́n kọlu Abẹ́òkúta. Nígbà tí Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ló ń bá wọn jà, inú wọn ru, wọ́n sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n tún sá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní kí wọ́n má wo fíìmù náà nítorí òwò ẹrú tí Dahomey ṣe. Àwọn Yorùbá kan ní tiwọn ń bínú pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkà. Nínú fíìmù Lísàbí, Ọ̀yọ́ náà ni ìkà.

Ṣé o mọ̀ Sarraounia? Ọbabìnrin àwọn Azna ní Niger ni, òun náà ni olórí ẹ̀sìn wọn. Ní 1899 ló kojú ọmọ ogun Faransé ní Lougou. Adarí fíìmù Med Hondo fẹ́ ya fíìmù rẹ̀ ní Niger, kò bọ́ sí i. Burkina Faso, nígbà tí Thomas Sankara ń ṣe olórí rẹ̀, ló gbà á. Ní Paris, kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní sinimá. Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù FESPACO 1987.

Ṣé o mọ̀ pé ìjà lórí fíìmù akọni kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan? Joan of Arc, ọmọbìnrin Faransé tó ní ohùn ọ̀run ló rán òun sógun, ni wọ́n dáná sun ní 1431. Ní 1928, Carl Dreyer, ọmọ Denmark, ṣe fíìmù rẹ̀. Àwọn Faransé kan bínú pé àjèjì ni. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Paris ní kí wọ́n gé lára rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é nítorí ìwà tí àwọn sójà wọn hù nínú rẹ̀. Iná tún jó ojúlówó rẹ̀. Ní 1981 ni wọ́n rí odindi ẹ̀dà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kan nítòsí Oslo.

Nítorí náà, tí o bá gbọ́ pé àwọn kan ń pariwo lórí fíìmù Lísàbí, má tíì bi wọ́n bóyá fíìmù náà dùn. Bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Akọni tí a ti ń wo fíìmù rẹ̀ láìsí ẹni tó ń bínú, kò lọ́mọ mọ́ nìyẹn.