Ẹ Má Sá Bóòtù Sí Oòrùn

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Sàngó-Ọ̀tà, ẹsẹ̀ ọlọ́kadà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa tó gun kókósẹ̀ rẹ̀ á ti sọ fún yín pé ọ̀nà inú àdúgbò ló ti ń bọ̀, kì í ṣe ojú títì ọlọ́dà. Lábẹ́ afárá Sàngó, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, àwọn ọlọ́kadà tò bẹẹrẹ, wọ́n ń pe èrò Jójú, Ìjókò àti Ìyànà-Ìyẹ̀sì. Sílípáàsì ló pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn kan wọ bàtà rọ́bà òjò, èyí tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ṣùgbọ́n tí kò lè gba ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí alùpùpù bá ṣubú lé e. Àwọn díẹ̀ tó wọ bóòtù aláwọ ni mo tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ bàbá aránbàtà kan.

Ìsọ̀ bàbá náà kò ju agboòrùn ńlá, bẹ́ǹṣì kan àti àpótí pákó lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan bọ́ bóòtù rẹ̀, ó tì í síwájú bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bẹntiróòlù nù ún kíá, èrò ń dúró.”

“Bẹntiróòlù kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí awọ yẹn dà bí èèpo igi gbígbẹ ni? Jókòó, ọmọ mi.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọ̀rá wà nínú awọ tí wọ́n ti pa. Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ká. Bẹntiróòlù á ṣí epo ẹ́ńjìnnì kúrò lójú bàtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n á fọ ọ̀rá awọ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Fún epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí i, pàùdà ni bàbá bù lé e kó lè fà á.

Ó tú okùn kúrò pátápátá, ó fa ìtẹ́lẹ̀ inú yọ, ó wá fi ẹ̀là igi kékeré ha ẹrẹ̀ tó há sójú rírán. Kì í lo ọ̀bẹ, torí ọ̀bẹ a máa já òwú, ibi tí òwú bá sì ti já ni omi á máa gbà wọlé. Omi inú abọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ki àkísà bọ̀ ọ́, ó fún un gbẹ, ó fi pa ọṣẹ ìwẹ̀, ìfófò rẹ̀ ló sì fi ń nu awọ. Mo bi í nípa ọṣẹ dúdú, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló gbà pé kò sí ìdọ̀tí tí kò lè ṣí. Ó mi orí. Omi eérú tí wọ́n fi ń se é le ju ohun tí awọ lè gbà lọ. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ kò sì sàn jù ú lọ. Ohun kan náà ni sìmẹ́ǹtì ń ṣe sí bóòtù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn bíríkìlà tó ń kọjá níbẹ̀ lálaalẹ́: bí wọn kò bá nù ún kúrò lọ́jọ́ náà, awọ á gbẹ, á là.

Ibi sísá gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ba bàtà wọn jẹ́. Nítòsí ibẹ̀, ẹnì kan gbé tirẹ̀ lé orí sàlẹ́ńsà alùpùpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Òmíràn sá tirẹ̀ sórí páànù nínú oòrùn. Ooru líle á mú kí awọ súnkì, á mú un le, gọ́ọ̀mù tó so àtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn á sì máa tú. Bébà ìròyìn àtijọ́ ni bàbá ká sínú bóòtù, ó gbé e sábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bí bébà bá ti rin, ó pààrọ̀ rẹ̀. Lásìkò òjò, èyí lè gba ọjọ́ méjì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá lágbára rẹ̀ fi yẹ kó ní bàtà méjì tí á máa wọ̀ pààrọ̀. Bàtà tí kò ráyè gbẹ ló ń bu nínú, òun ló sì ń jẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ìgbà tó gbẹ tán ni páálíìṣì tó kàn án. Bóòtù òsì àti ọ̀tún kì í gbó bákan náà. Ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ jíà, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń fi tẹlẹ̀ bí wọ́n bá dúró, nítorí náà àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà alùpùpù Boxer wà, ẹ̀gbẹ́ inú bóòtù ọ̀tún ló sì ń gbẹ jù. Níbẹ̀ ni bàbá ti fi páálíìṣì pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi àbẹ́là pa eyín sípì èyí tó ní sípì, kó lè máa yọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra bóòtù òkìríkà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Àtẹ́lẹ̀ polyurethane tó ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀rinrin àti ooru ti ń jẹ ẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ wọ̀ ọ́. Á máa dán lójú, ṣùgbọ́n á rún wómúwómú lẹ́sẹ̀ yín. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè tún un ṣe.

 Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú òfin akoto ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà fi igbá dérí dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí la ń pariwo lé. Ẹsẹ̀ kò rí alágbàwí. Ẹ̀yin alága gáréèjì ọ̀kadà ní Sàngó, Ojú-Ọ̀rẹ́ àti Ìyànà-Ìyẹ̀sì, bí ẹ ṣe ń béèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, ẹ máa béèrè bóòtù pẹ̀lú. Ẹ sì fún àwọn aránbàtà láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì yín.